ÀTỌ̀GBẸ, Ọ̀RÁ INÚ IṢAN ÀTI ÀÀWẸ̀ RAMADAN



Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó ṣe ààwẹ̀ ní ọ̀ranyàn fún wa. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Islam, bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan ní àtọ̀gbẹ, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ ni pé ó ti jẹ ohun dídùn jù. Ọ̀rọ̀ náà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rá náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀, pàápàá ọ̀rá tí ó wà nínú iṣan tí a fi ń rìn, tí a sì fi ń kírun.

BÍ ỌLỌ́HUN ṢE ṢÈTÒ ARA

Bí a bá jẹun tán, púpọ̀ nínú oúnjẹ náà yóò di ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ara yóò wá tú èròjà kan tí à ń pè ní ínsúlínì jáde. Ínsúlínì yìí ni yóò lọ kágò lẹ́nu ọ̀nà iṣan, kí iṣan lè ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà. Nígbà tí a bá gbààwẹ̀, ínsúlínì yóò dínkù, iṣan yóò sì máa fi ọ̀rá ṣe agbára. Ara tí ó dá ṣáṣá a máa lọ láti orí ṣúgà sí orí ọ̀rá, a sì máa padà, láìsí wàhálà.

OHUN TÍ ÀTỌ̀GBẸ Ń BÀJẸ́

Ní ọdún 1963, onímọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Philip Randle, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé pé bí ọ̀rá tí iṣan ń lò bá pọ̀ jù, kì í lo ṣúgà dáadáa mọ́. Ìwádìí tí ó tẹ̀lé e fi hàn pé lára ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ irú kejì, èyí tí ó wọ́pọ̀ láàrin àgbàlagbà, ọ̀rá a máa kó jọ sínú iṣan ju bí iṣan ṣe ń lò ó lọ. Ohun tí ó ń ti ara ọ̀rá yìí jáde kì í jẹ́ kí iṣan gbọ́ ohùn ínsúlínì. Ínsúlínì ń kágò, kò sí ẹni tí yóò dá a lóhùn pé "àgò yà". Ṣúgà yóò wá há sínú ẹ̀jẹ̀, yóò máa ba ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ jẹ́.

Àwọn eléré ìje náà ní ọ̀rá nínú iṣan, ṣùgbọ́n kì í dí ínsúlínì wọn lọ́wọ́, nítorí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó. Iṣan tí ó bá ń ṣiṣẹ́ a tilẹ̀ máa ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láìdúró de ínsúlínì.

Ní ti àwọn tí ara wọn kò ṣe ínsúlínì mọ́, ewu tiwọn tún le. Bí wọn kò bá gba abẹ́rẹ́ wọn, ọ̀rá yóò máa yọ́ láìdúró, ẹ̀dọ̀ yóò sọ ọ́ di oró kíkan nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè pa ènìyàn láàrin ọjọ́ díẹ̀.

KÍ NI KÍ A ṢE?

1. Kí ààwẹ̀ tó wọlé, ẹ lọ bá dókítà yín. Ẹ má ṣe dá oògùn tàbí abẹ́rẹ́ dúró fúnra yín.

2. Níbi ìṣínu, dàbínù díẹ̀ àti omi tó. Ẹ má ṣe kó dòdò àti àkàrà olóròóró lé ara wọn. Ní sààrì, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ dára.

3. Ẹ má ṣe sùn lẹ́yìn ìṣínu. Ìdìde, ìtẹ̀ba àti ìforíkanlẹ̀ inú ìrun taraawiih jẹ́ iṣẹ́ fún iṣan, ẹ̀san rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

4. Ẹ máa yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn ni ó sọ pé gígún ìka kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Bí ó bá wálẹ̀ ju 70 mg/dL, tàbí tí ó ga ju 300 lọ, ẹ ṣínu lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣẹ́ ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí oòrùn wọ̀.

Ẹ̀yin ará mi, nínú Súrà Bákárà, áyà 184 àti 185, Ọlọ́hun yọ̀ǹda fún aláìsàn láti san ààwẹ̀ rẹ̀ padà ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí ó lè gbà á mọ́ yóò máa bọ́ tálákà. Àánú ni èyí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú ọ̀lẹ wo ìyá tàbí bàbá tí dókítà ní kí ó jẹun. Kí aláìsàn náà má sì ṣe tìjú láti gba ohun tí Ẹlẹ́dàá rẹ̀ fi kẹ́ ẹ.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó sì gba ààwẹ̀ wa. Àmín.