Ìyà Ọrọ̀-Ajé àti Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ènìyàn ní Ilẹ̀ Gáánà

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2024, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ Gáánà fi ohùn kan gba àbá òfin kan wọlé nípa àwọn ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin, àwọn obìnrin tí ń fẹ́ obìnrin, àti àwọn mìíràn tí ìwà tàbí ìrísí wọn kò bá ti akọ tàbí abo tí a pè wọ́n nígbà ìbí mu. Òfin ọdún 1960, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti ọwọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá, ti ka ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin sí ẹ̀ṣẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àbá òfin tuntun yìí kò dúró lórí ohun tí ènìyàn ṣe nìkan. Ẹni tí ó bá jẹ́wọ́ pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni òun lè ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún 3. Ẹni tí ó bá gbè wọ́n lẹ́yìn ní gbangba lè ṣe ọdún 5.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ owó fi wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, Ilé-iṣẹ́ Ìṣúná ilẹ̀ Gáánà kìlọ̀ fún Ààrẹ Nana Akufo-Addo pé bí ó bá fọwọ́ sí i, owó Báńkì Àgbáyé tí ó tó bílíọ̀nù 3.8 dọ́là lè bọ́ mọ́ ilẹ̀ náà lọ́wọ́ láàárín ọdún 5 sí 6. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí fún ìjọba tí ó ti dá sísan ọ̀pọ̀ gbèsè òkèèrè dúró ní oṣù Kejìlá ọdún 2022.

Ìlú Kumasi mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí. Owó tí ìjọba yá láti òkèèrè ni wọ́n fi ń tún ọjà ńlá Kejetia kọ́. Nígbà tí ìjọba kò lè san gbèsè mọ́, iṣẹ́ apá kejì ọjà náà dúró. Obìnrin tí ń ta aṣọ àti èyí tí ń pàtẹ ata kò bá ẹnikẹ́ni tọwọ́ bọ ìwé gbèsè. Síbẹ̀, àwọn ni ìyà náà dé bá.

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ nìyí: bí ìjọba kan bá fẹ́ fi ìyà jẹ díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ nítorí irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, ǹjẹ́ ó yẹ kí àwọn ìlú òkèèrè fi owó àti òwò jẹ ìjọba náà níyà? Ọ̀pọ̀ ní Áfíríkà ń wí pé ìjẹgàba tuntun ni. Ní ọdún 2011, nígbà tí David Cameron, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé ìrànlọ́wọ́ lè dínkù nítorí ọ̀rọ̀ yìí, Ààrẹ John Atta Mills dáhùn pé Gáánà kò ní gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Áfíríkà fúnra rẹ̀ ni ó ti ké jù lọ pé kí gbogbo ayé fi irú ìyà yìí jẹ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti Gúúsù Áfíríkà. Nàìjíríà gba dúkìá ilé-iṣẹ́ epo BP lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1979 nítorí ọ̀rọ̀ náà. Ohun ìjà tí a yìn lánàá, a kò lè pè é ní ohun ìríra lónìí nítorí pé àwa ni ó kọjú sí. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn aṣáájú àwọn tí ìyà ń jẹ ní Gúúsù Áfíríkà fi ẹnu ara wọn béèrè fún un, wọ́n sì mọ ohun tí yóò ná wọn.

Uganda ni a ti dán irú rẹ̀ wò láìpẹ́ yìí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Yoweri Museveni fọwọ́ sí òfin tí ó fi ikú ṣe ìjìyà fún àwọn ẹ̀sùn kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kẹjọ, Báńkì Àgbáyé dá owó tuntun dúró. Amẹ́ríkà fi físà du àwọn aláṣẹ kan, ó sì yọ Uganda kúrò láàárín àwọn ìlú Áfíríkà tí ń kó ọjà wọ Amẹ́ríkà láìsan owó ibodè. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ Uganda tí ń rí sí Òfin Ìpìlẹ̀ yọ díẹ̀ nínú òfin náà, ó sì fi èyí tí ó pọ̀ jù sílẹ̀. Ní ọdún 2025, Báńkì Àgbáyé tún bẹ̀rẹ̀ sí yá Uganda lówó. Owó padà dé. Òfin kò lọ.

Ewu mìíràn tún wà níbẹ̀ tí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ọrọ̀-ajé Gáánà le, ìjọba Kofi Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ 2 péré láti jáde. Àwọn oníṣòwò Yorùbá tí wọ́n ti gbé Kumasi àti àwọn ìlú mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún kó ẹrù sọ́kọ̀, wọ́n fi ọjà sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè tí a jẹ wọ́n sílẹ̀. Ní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ọmọ Gáánà lọ rẹpẹtẹ. Nígbà tí nǹkan bá le, àwọn tí kò pọ̀, tí kò sì lẹ́ni, ni a máa ń nàka sí. Bí owó bá dúró nítorí àwọn tí ń fi ara pamọ́ ní Kumasi, àwọn gan-an ni aládùúgbò yóò pè ní okùnfà ebi. Ohun tí a ní kí ó gbà wọ́n yóò di ẹ̀sùn lọ́rùn wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí ọlọ́wọ́ yóò ká ọwọ́ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, Amẹ́ríkà dá ọ̀pọ̀ ìrànlọ́wọ́ òkèèrè dúró fún ìdí tirẹ̀, láìjẹ́ nítorí òfin Gáánà. Ìjọba Gáánà sọ pé àlàfo tí ó ṣí sílẹ̀ tó mílíọ̀nù 156 dọ́là, ìtọ́jú ibà àti HIV sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ tí a so mọ́ àpò ẹlòmíràn, ọjọ́ tí ó bá gbé àpò rẹ̀ ni ó gbé e lọ.

Èyí kò wí pé kí ayé káwọ́ gbera. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Amẹ́ríkà fi ìyà jẹ olórí àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n Uganda lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń dá àwọn ẹlẹ́wọ̀n lóró. Irú èyí ń bá ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wí. Kò gba oògùn lọ́wọ́ aláìsàn ní ilé ìwòsàn Komfo Anokye ní Kumasi. Kí àwọn tí ó bá fẹ́ lo irú ìyà bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń gbèjà bí yóò ṣe wọ́n láǹfààní tàbí bí yóò ṣe wọ́n níbi.

Akufo-Addo ní òun ń dúró de ilé ẹjọ́, ó sì kúrò lórí oyè ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 2025 láìfọwọ́ sí àbá òfin náà. Ní ọdún náà kan náà, àwọn aṣòfin kan tún gbé e wá. Ìhàlẹ̀ owó lè dá kálàmù dúró fún ìgbà díẹ̀. Kò lè yí ọkàn padà. Òfin Ìpìlẹ̀ Gáánà ti ọdún 1992 ti wí pé iyì gbogbo ènìyàn kò ṣe é tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ọdún 2023, Kádínà Peter Turkson, ọmọ Gáánà, sọ ní gbangba pé kò yẹ kí a sọ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ di ọ̀daràn. Ohùn ọmọ ilé ni èyí, kò ní ọ̀rọ̀ owó nínú. Bí irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ sí i ní Accra àti ní Kumasi, ẹ̀tọ́ náà yóò ní ìpìlẹ̀ tí Báńkì Àgbáyé kò fi lélẹ̀, tí kò sì lè hú.