Ife Kan Javel, Ife Mélòó Omi?

Ẹ mú ìwé àti bírò yín. Ẹ̀kọ́ ìṣirò ni tòní, ṣùgbọ́n ìṣirò tí ó lè gba ẹ̀mí là ni.

Ní ọdún 2014 àti ní 2016, ibà Lassa pa ènìyàn ní ilẹ̀ Benin wa yìí. Ẹ̀jẹ̀, èébì àti ìtọ̀ aláìsàn lè kó o ran ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Omi Javel a máa pa kòkòrò náà, bí a bá pò ó bí ó ti yẹ. Bí omi bá pọ̀ jù, kòkòrò kò ní kú, ọkàn wa yóò sì balẹ̀ lásán. Bí Javel bá pọ̀ jù, yóò bó ọwọ́ wa. Ìyá kan nínú kíláàsì wa fojú wọn tirẹ̀; odidi ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi lè gún iyán.

Ẹ wo ara ìgò Javel yín. Bí ẹ bá rí 12° níbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé agbára rẹ̀ tó bíi 4 nínú 100. Èyí ni à ń kọ báyìí: 4%.

Láti nu ilẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ tàbí èébì kàn, agbára 0,5% ni a ń fẹ́. Ìdajì ni 0,5. Ìdajì mélòó ni ó wà nínú 4? Ó jẹ́ 8. Nítorí náà, gbogbo omi tí a ó pò yóò jẹ́ ife 8. Ẹ yọ ife kan ti Javel kúrò, ó ku 7. Ife kan Javel, ife 7 omi. Ife kan náà ni kí ẹ fi wọn méjèèjì.

Omi ìfọwọ́ kò gbọdọ̀ le tó bẹ́ẹ̀: 0,05% ni tirẹ̀. Ẹ bu ife kan nínú èyí tí ẹ ti pò, ẹ bu ife 9 omi sí i. Ṣùgbọ́n bí ọṣẹ bá wà, ọṣẹ àti omi ti tó fún ọwọ́.

Ẹ máa pò ó ní tuntun lójoojúmọ́, nítorí oòrùn a máa jẹ agbára rẹ̀. Ẹ má ṣe da oògùn ìfọ̀ mìíràn tàbí ohun kíkan mọ́ ọn, èéfín rẹ̀ léwu. Ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Javel kò sì wo aláìsàn sàn: ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìdánrawò: Wọ́n kọ 5% sára ìgò kan. Ife omi mélòó ni ẹ ó bu sí ife kan rẹ̀ kí ó lè di 0,5%? Ẹ ṣírò ó kí ẹ tó ka ìlà tí ó kàn.

Ìdáhùn: ife 9.

Ẹni tí ó bá gbà á, kí ó kọ́ ará ilé rẹ̀ tí kò mọ̀wé. Ó dìgbà mìíràn o.