Ìwé Inú Kọ́bọ́ọ̀dù Wa

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ìgànmú

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ òru bọ̀, tí ẹ kò tíì fojú kan oorun, ẹ kú ìfaradà. N kò ní pẹ́ jù.

Ní ìpàdé tó kọjá, ọ̀kan nínú wa dìde, ó ní kí a ta kọ́bọ́ọ̀dù ìwé tó wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kí a ta àwọn ìwé inú rẹ̀ fún àwọn tó ń fi bébà di ẹ̀pà, kí a sì fi owó rẹ̀ kún owó ìrẹsì ọdún. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Èmi kò bínú. Ìrẹsì ti wọ́n, ìwé kò sì ṣeé sè. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà, alága ní kí n wá sọ ohun tí ìwé wọ̀nyí ń ṣe fún wa kí a tó dìbò. Mo bá mú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tó yá ìwé, mo tọ̀ wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bi wọ́n pé: "Kí lo rí níbẹ̀?" Èsì wọn ni mo mú wá. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti sọ ọ́ ni n óò sọ ọ́.

Kì í ṣe àwọn ìwé tí gbogbo ayé mọ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà kò nílò alágbàwí. Aláwìíyé ti Ọdúnjọ, orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́ A B D. Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn, tí eruku bò, ni mo ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Èkó níbí. Láàárín ọdún 1929 sí 1930, lẹ́tà kan ń jáde léraléra nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ló ń kọ ọ́. Ó ní àìsàn ti dá òun wó, òun sì fẹ́ jẹ́wọ́ bí òun ti fi ìgbà èwe òun ṣòfò lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin. Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́, àwọn náà ń kọ lẹ́tà wá sí ìwé ìròyìn náà nítorí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, olóòtú fúnra rẹ̀, I. B. Thomas, ló jókòó tó ń kọ gbogbo rẹ̀! Ó tẹ̀ ẹ́ bí ìwé ní 1930, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé sì kà á sí ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ní 2012, ọ̀jọ̀gbọ́n Karin Barber tún un gbé jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Bàbá kan tó ń ṣọ́ géètì wa kà á. Ó ní òun gbádùn Èkó àtijọ́ inú rẹ̀ àti àwọn orin ibẹ̀, ó ní bí ẹni pé ìyá òun àgbà ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n arábìnrin kan láti ibi tí a ti ń di ọjà sí páálí kà á tán, ó dá a padà, ó ní: "Ọkùnrin ló jókòó tó ń fi ẹnu obìnrin jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó bá a dá ẹ̀ṣẹ̀ náà ńkọ́? Ta ló kọ lẹ́tà tiwọn?" N kò rí èsì fún un. Bí ẹ bá rí i, ẹ fún un, ó wà níjokòó lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn.

Ìwé kejì ni Kúyẹ̀, tí J. F. Ọdúnjọ, bàbá Aláwìíyé, kọ ní 1964. Ọmọ òrukàn ni Kúyẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀, kò sì gbọ́ràn, ó sì jìyà lọ́wọ́ àwọn ẹbí tó yẹ kó ṣìkẹ́ rẹ̀. Ẹni tó yá a jẹ́ arákùnrin wa kan tó ti lò ju ọdún 15 lọ nídìí ẹ̀rọ. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Òun la máa ń pè tí kì í dáhùn, tí a ń sọ pé ó ń gbéra ga. Nígbà tí mo bi í ní ohun tó rí nínú ìwé náà, ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ló ní: "Nígbà tí mo ka bí wọ́n ti ń ṣe Kúyẹ̀, mo pa ìwé náà dé. Mo ní èmi rèé. Etí mi ti ń lọ. Ètè yín ni mo ń wò láti mọ ohun tí ẹ ń sọ."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi ni aṣojú ẹ̀ka tirẹ̀. Ọdún mélòó la ti jọ ń jẹun pọ̀ ní kàǹtíìnì? N kò mọ̀. Kò sọ ọ́ nítorí ó ń bẹ̀rù pé wọn óò ní kó máa lọ sílé. Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni a fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ léèrè, a sì rí àwọn mìíràn tí etí wọn ń hó lóru bí ìkòkò omi. Ìgbìmọ̀ ti kọ̀wé lórí ìbòtí fún gbogbo ẹni tó wà níbi ariwo, a kò sì ní jẹ́ kí lẹ́tà náà sùn. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé inú ìwé tí ẹ fẹ́ fi di ẹ̀pà ni lẹ́tà yẹn ti jáde.

Ẹnìkan yá ìwé Amos Tutùọlá. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí yẹ kí òṣìṣẹ́ mọ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ọdún 1920 ni wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀ kú, ilé ẹ̀kọ́ dúró. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ bàbà, ó ṣe é lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun Hitler. Lẹ́yìn ogun ó di mẹ́sénjà ní Èkó níbí, ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Mẹ́sénjà ni o! Nígbà tí wọn kò bá rán an níṣẹ́, ìtàn ló ń kọ. Wọ́n tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Akéwì Dylan Thomas yìn ín nínú ìwé ìròyìn níbẹ̀. Nílé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé wa ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dójú tì wá. Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìtàn náà di eré Yorùbá, ó pè é ní Ọ̀mùtí.

Ṣùgbọ́n Simbi and the Satyr of the Dark Jungle, ti 1955, ló wà lọ́wọ́ wa. Ọmọ olówó ni Simbi. Ayé tẹ́ ẹ lọ́rùn débi pé ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí òṣì àti ìyà jẹ́. Ìyá wa kan ní kàǹtíìnì ní kí ọmọ òun máa kà á fún òun. Ìgbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ó ní: "Ó fẹ́ mọ òṣì? Kó wá wọ ọkọ̀ láti Orílé ní aago márùn-ún ìdájí. Kò ní dé ọ̀nà jíjìn rárá." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ ó ní kí ọmọ máa kà á lọ títí ó fi parí. Akọ̀wé kan ní tirẹ̀ sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ìwé náà wọ́, pé bí òun bá kọ irú rẹ̀ sí ọ̀gá, wọn óò dá a padà. Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mẹ́sénjà tó kọ ọ́, orúkọ rẹ̀ kò pa rẹ́. Àwọn ọ̀gá tó ń rán an níṣẹ́, ta ló mọ orúkọ wọn?

Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí, tó jáde ní 1969, dá awuyewuye sílẹ̀. Ìtàn àwọn tó ń sin Olúmokò ni, tí Àjàyí sì ní kí àwọn já okùn ìsìnrú. Ẹni mẹ́ta ni Fálétí fún ní ẹnu láti sọ ọ́: Àjàyí, Ìbíwùmí àti Àyọ̀wí. Awakọ̀ wa kan ní ó gùn, òun kò kà á dé ìdajì. Igbákejì akọ̀wé wa ní òun kà á lẹ́ẹ̀mejì, àti pé láti ìgbà náà, bí wọ́n bá gbé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ kan wá, òun kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnìkan ṣoṣo. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń gbọ́ ẹjọ́ ní ilé iṣẹ́ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ yẹn kò kéré.

Ó wá kan Rẹ́rẹ́ Rún, eré tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, 1973. Ìwé tiwa gan-an nìyí. Láwúwo ni olórí àwọn òṣìṣẹ́, ó ń jà fún wọn tọkàntọkàn. Owó ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ Mọ́rẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀, àwọn gbájú-ẹ̀ fi ọgbọ́n gbà á lọ. Ìbànújẹ́ yẹn ló gba ẹ̀mí obìnrin náà, orí Láwúwo sì dàrú.

Mẹ́fà nínú wa ló ti kà á, wọn kò sì fẹnu kò. Àwọn ọkùnrin méjì ní obìnrin ló ba nǹkan jẹ́. Ìyá wa kàǹtíìnì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan fèsì pé: "Ta ló gbé owó ẹgbẹ́ wọlé? Bí owó yẹn bá wà ní báńkì, ṣé obìnrin náà á rí i fún ẹnikẹ́ni?" Akápò wa béèrè pé ìwé rìsíìtì dà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bínú sí ìparí ìwé náà, ó ní kí ló dé tí ìtàn òṣìṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ parí sí ẹkún? Ó rán wa létí ọdún 1945, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti ti ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà, tí orúkọ Michael Imoudu sì kàn káàkiri, tí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, tí wọ́n sì fi owó kún owó wọn. Mo ní òótọ́ lọmọ náà sọ. Ṣùgbọ́n ìwé tó parí sí ẹkún lè gbà wá lọ́wọ́ ẹkún. Ẹ rántí àbá tí a fọwọ́ sí ní ọdún tó kọjá, pé owó ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ sùn nílé ẹnikẹ́ni, pé ẹni mẹ́ta ni yóò máa fọwọ́ sí i, pé a óò máa ka ìṣirò rẹ̀ ní gbogbo ìpàdé. Ọ̀pọ̀ yín rò pé akápò ló gbé e wá. Rárá. Láti inú àríyànjiyàn lórí Mọ́rẹ́nikẹ́ ló ti wá.

N kò ní bo ẹ̀sùn mọ́lẹ̀. Àwọn kan ní lẹ́tà ìwé náà kéré jù fún ojú ẹni tó ṣiṣẹ́ òru. Àwọn ọ̀dọ́ ní àkọtọ́ àtijọ́, aiye, enia, ń dí wọn lọ́wọ́. Ẹnìkan ní òun kò rí nǹkankan nínú ìwé kankan, fóònù òun tó òun. Ìwé mẹ́ta ni wọn kò dá padà. Mo mọ ilé tí wọ́n wà, ẹ̀yin náà sì mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà tán. Nígbà tí mo ń ṣe lébìrà ní ilé iṣẹ́ kan, wọ́n gbé ìwé síwájú mi, ó tó ojú ewé mẹ́jọ. Mo ka ìdajì ojú ewé kan, ó sú mi, mo fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n ní kí n máa lọ, mo rí i pé èmi fúnra mi ló ti fọwọ́ sí i pé n kò ní owó kankan láti gbà. N kò lè bá ẹnikẹ́ni jà. Ọdún yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alẹ́ ní Sùúrùlérè. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ: mo kọ́ bí ènìyàn ti ń jókòó ti ìwé títí yóò fi parí. Ẹni tí kò bá lè jókòó ti ogún ojú ewé ìtàn tó dùn ní èdè ìyá rẹ̀, báwo ni yóò ṣe jókòó ti àdéhùn tí kò dùn ní èdè ẹlòmíràn?

Ẹ wo ìta. Gbọ̀ngàn ńlá tíátà orílẹ̀-èdè nìyẹn, tí wọ́n ṣí ní 1976, tí FESTAC wáyé níbẹ̀ ní 1977, tó sì ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká báyìí. Ojoojúmọ́ là ń kọjá lára rẹ̀. Mélòó nínú wa ló ti wọlé rí? N kò dá yín lẹ́bi, owó ọkọ̀ là ń wá. Ṣùgbọ́n kọ́bọ́ọ̀dù yìí ni tíátà tiwa, kò sì gba tíkẹ́ẹ̀tì.

Nítorí náà, alága, àbá mi kò pọ̀. Kí kọ́bọ́ọ̀dù dúró. Kí àwọn ìwé mẹ́ta padà wálé kí oṣù tó parí, a kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè. Kí á máa fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ìpàdé kọ̀ọ̀kan gbọ́ ẹni tó ka ìwé kan, ì báà yìn ín, ì báà bú u. Ẹni tó mú àbá ìrẹsì wá, mo bẹ̀ ọ́, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ yá Rẹ́rẹ́ Rún. Bí o bá kà á tán tí o ṣì fẹ́ fi í di ẹ̀pà, èmi fúnra mi ni n óò ra ẹ̀pà náà.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa. Kí Ọlọ́run mú wa padà sílé láyọ̀.