Àgbà Tí Ń Kó Ọmọ Lọ Pàgọ́



Ní 1907, Baden-Powell kó ọmọkùnrin bí 20 lọ pàgọ́ ní erékùṣù Brownsea, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1915, ẹgbẹ́ Síkáòtù dé Nàìjíríà. Àwọn àgbà tí kò gba owó oṣù ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ti í ta kókó, bí a ti í dáná nínú igbó, bí a ti í tọ́jú ẹni tí ó fara pa.

Àwọn ọmọ wa ní Bódìjà àti Agbowó ń dàgbà láàárín ògiri. Díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ ìrókò yàtọ̀ sí àràbà. Ẹ jẹ́ kí a yọ̀ǹda Sátidé kan lóṣù fún wọn. Ṣùgbọ́n kí àgbà kan ṣoṣo má ṣe dá wà pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ. Kí a máa lọ ní méjì-méjì. Ìgbẹ́kẹ̀lé òbí ni owó oṣù wa. Bí ó bá sọnù, àgọ́ tú nìyẹn.