Gbígbin Ọsàn sí Ilẹ̀ Amọ̀

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ amọ̀ ni mo bá wá lónìí. Ẹ̀yin ará Ifákọ̀ àti Kétu, pàápàá ẹ̀yin tí ilé yín kò jìnnà sí àbàtà, ẹ mọ ilẹ̀ tí mo ń wí: bí òjò bá rọ̀, a lẹ̀ mọ́ ọkọ́, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, a le bí òkúta, a sì lanu.

Nígbà tí a bí àkọ́bí mi, mo gbin ọsàn kan sẹ́yìn ilé. Mo gbẹ́ kòtò jíjìn, mo kó yanrìn àti ilẹ̀dú kún un. Nígbà tó di oṣù kẹfà, ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Mo ní ebi ló ń pa á, mo bu ìgbẹ́ adìẹ sí i. Igi náà kú kí ọmọ tó rìn. Nígbà tí mo hú u, omi ló kún kòtò, gbòǹgbò ti rà, ó ń rùn.

Kí ni a fi ń mọ ìkòkò? Amọ̀ ni. Ẹni tó gbẹ́ kòtò sínú amọ̀, tó kó yanrìn sí i, ìkòkò ló mọ. Omi òjò yóò wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde. Gbòǹgbò igi sì ń mí bí èmi àti ẹ̀yin. Omi tó bá dúró pẹ́ a máa fún un lọ́rùn.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ dán ilẹ̀ wò. Ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 1, ẹ pọn omi kún un. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ẹ má gbin ọsàn sínú kòtò. Ẹ kọ ebè ńlá tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 1 àbọ̀, tó sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi kọ ọ́, kí ẹ po ewé jíjẹrà mọ́ ọn. Orí ebè ni kí igi dúró sí. Ẹ má kó ilẹ̀ bo ojú ibi tí wọ́n ti so ẹ̀ka ọsàn mọ́ ìdí, kí èèpo ibẹ̀ má baà rà. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ebè kí oòrùn má baà là á, ṣùgbọ́n kí koríko má kan igi.

Ẹ má ro ilẹ̀ amọ̀ nígbà tó bá rin gbindin. A máa dì. Oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún ló dára láti gbìn, kí òjò ńlá oṣù kẹfà tó dé.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo gbin òmíràn sórí ebè. Ọmọ tí mo wí yẹn ti ń ká ọsàn jẹ lórí rẹ̀ báyìí. Ó dìgbóṣe o.