Fọ́kílífìtì: Rírà Á, Gbígbà Á Háyà, àti Wíwà Á Láìpa Ènìyàn Lára

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sórí ètò yìí lónìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ tí kò kan ẹnikẹ́ni bí kò ṣe àwọn oníṣòwò ńlá àti àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Apápá. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Bí ẹ bá ń jẹ ìrẹsì inú àpò, bí ẹ bá ń fi sìmẹ́ǹtì kọ́lé, bí ẹ bá ń ra ìwé fún àwọn ọmọ yín, ó ṣeé ṣe kí ẹrù yín ti kọjá lórí ìka irin ọkọ̀ yìí kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Fọ́kílífìtì ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é: ọkọ̀ kúkúrú kan, ìdí rẹ̀ tóbi, òpó irin wà níwájú rẹ̀, ìka irin gígùn méjì sì yọ láti ara òpó náà. Yóò ki ìka wọ̀nyí bọ abẹ́ ẹrù, yóò gbé e sókè bí ìgbà tí ènìyàn gbé àwo oúnjẹ lé àtẹ́lẹwọ́, yóò sì tò ó sórí pẹpẹ gíga.

N kò ní fi ìdí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ká mi lára pamọ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ sí ilé ìkẹ́rùsí kan tí n kò ní dárúkọ, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí ohun tí mo ti ń kọ sójú pátákó fún wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó ń wa fọ́kílífìtì ibẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì yá púpọ̀. Ó gbé ẹrù kan sókè fíofío, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ń sáré lọ bẹ́ẹ̀ láti lọ tò ó sí ibòmíràn. Nígbà tí ó fẹ́ yà sí apá òsì, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Ó ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ì bá ṣe: ó fò bọ́ sílẹ̀. Òrùlé irin tí wọ́n ṣe sórí ọkọ̀ náà láti dáàbò bò ó ni ó wó lu ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún.

Gbogbo ènìyàn ń sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Èmi kò bá wọn jiyàn lórí Ọlọ́run. Ìbéèrè kan péré ni mo bi ọ̀gá ibẹ̀: kílò mélòó ni ọkọ̀ yìí lè gbé dé òkè téńté? Kò mọ̀. Mekáníìkì kò mọ̀. A lọ wo abala irin kékeré tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà kàn mọ́ ọn lára, èyí tí ó yẹ kí ó sọ fún wa, wọ́n ti kun ún ní ọ̀dà nígbà tí wọ́n ń tún ọkọ̀ náà ṣe kí ó lè dùn-ún wò lójú ẹni tí yóò rà á.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìdí ọ̀rọ̀ náà wàyí. Ní ọdún 1917 ni ilé-iṣẹ́ Clark ní Amẹ́ríkà ṣe ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tí wọ́n fi ń kó nǹkan kiri inú ọgbà tiwọn fúnra wọn. Àwọn àlejò tí wọ́n rí i ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé kí wọ́n ta irú rẹ̀ fún wọn. Láti ara irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìka àti òpó ti wá jáde, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì sì dé, tí ẹrù ogun pọ̀ ju ohun tí èjìká ènìyàn lè kó, ó di ohun tí gbogbo èbúté ń lò. Ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ kò yí padà láti ìgbà náà. Ẹ rántí bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń gbé igi gbọọrọ lé orí òkúta, tí ẹnì kan yóò jókòó ní ìhín, tí ẹnì kejì yóò jókòó ní ọ̀hún. Àwọn táyà iwájú fọ́kílífìtì ni òkúta yẹn. Ẹrù ni ọmọ tí ó jókòó níwájú, ìdí ńlá tí wọ́n fi irin dídà ṣe sì ni ọmọ tí ó jókòó lẹ́yìn. Bí ọmọ iwájú bá ṣe ń sún jìnnà sí òkúta tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń wúwo sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jẹun kún un.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ká ní abala irin náà sọ pé ọkọ̀ kan lè gbé 2,500 kílò, bí àárín gbùngbùn ẹrù bá jẹ́ 50 sẹ̀ǹtímítà sí ibi tí ìka irin ti yọ. Ká sì ní láti àárín táyà iwájú dé ibi tí ìka ti yọ jẹ́ 45 sẹ̀ǹtímítà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 95. Bí a bá fi 95 sọ 2,500 di púpọ̀, a ó rí 237,500. Èyí ni agbára tí ìdí ọkọ̀ náà ní láti kọ̀ kí iwájú má ṣubú. Bí ẹrù mìíràn bá dé, tí ó gùn tó 160 sẹ̀ǹtímítà, àárín rẹ̀ yóò jẹ́ 80. Ẹ fi 45 kún un, ó di 125. Ẹ fi 125 pín 237,500: 1,900 kílò péré ni. Ìwọ̀n àpò sìmẹ́ǹtì méjìlá ti fò lọ láìsí ohun tí ó yí padà lára ọkọ̀ náà. Ìṣirò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lásán ni èyí o. Bí òpó bá gùn sókè, agbára náà tún ń dín kù sí i, abala irin nìkan ni ó sì lè sọ iye rẹ̀ fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Èyí tí ó gé ẹsẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kì í ṣe ti iwájú, ti ẹ̀gbẹ́ ni. Àwọn baba wa máa ń wí pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Táyà mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ fọ́kílífìtì ní, ṣùgbọ́n orí ààrò mẹ́ta ni ó jókòó sí: táyà iwájú méjèèjì, àti ibi kan ṣoṣo ní àárín ọ̀pá tí ó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, nítorí pé ọ̀pá náà ń mì sókè mì sódò. Níwọ̀n ìgbà tí ìwúwo ọkọ̀ àti ẹrù bá wà láàárín ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọbẹ̀ kò ní dànù. Gbé ẹrù sókè, kí o sì yí ọwọ́ ọkọ̀ lójijì, ìwúwo náà yóò yọ jáde láti ẹ̀gbẹ́, nítorí ibẹ̀ ni onígun mẹ́ta náà ti tín-ín-rín. Kódà fọ́kílífìtì tí kò gbé nǹkan kan lè dà bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ má ṣe kọ́kọ́ bèèrè iye owó. Ẹ wọn ẹrù yín tí ó wúwo jù, ẹ wọn gígùn rẹ̀, ẹ wọn ibi gíga jùlọ tí ẹ ó tò ó sí, ẹ wọn ẹnu ọ̀nà àti àlàfo àárín pẹpẹ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ra ọkọ̀ tí òpó rẹ̀ kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Oníbátìrì dára nínú ilé: kò ní èéfín, kò sì pariwo. Oní-dísẹ̀lì dára níta gbangba. Nínú ilé tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè wọlé, kì í ṣe ohun tí a ń lò. Oní-gáàsì pẹ̀lú ń tú èéfín tí ó ní májèlé tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, orí fífọ́ ni ènìyàn yóò kọ́kọ́ rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ra oníbátìrì ní ilẹ̀ wa gbọ́dọ̀ ro ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Bátìrì olómi ńlá ń fẹ́ nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ kí ó tó kún, ó sì tún fẹ́ ìsinmi kí ó lè tutù. Bí iná bá ń lọ tí ó ń bọ̀, tí ẹ sì ní láti tan jẹnẹrétọ̀ sí i lóru, ẹ fi owó epo yẹn kún iye ọkọ̀ kí ẹ tó sọ pé ó pọ́n ju tàbí ó wọ́n ju.

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń rà, n kò sì ní bú ẹnikẹ́ni nítorí ìyẹn. Ọgbọ́n ni kí a fi rà á. Aago tí ń ka wákàtí iṣẹ́ ọkọ̀ ṣeé dá padà. Ẹ wo rọ́bà tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń tẹ̀ àti ìjókòó rẹ̀, àwọn wọ̀nyí kì í purọ́. Ẹ gbé ẹrù sókè díẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá: bí ẹrù bá ń rọra sọ̀kalẹ̀, epo ń sá níbìkan nínú ẹ̀rọ ìgbẹ́rù. Ẹ wọn igun ibi tí ìka irin ti tẹ̀. Bí ó bá ti jẹ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìnípọn rẹ̀, agbára ìka náà ti dín tó ìdá kan nínú márùn-ún, ó sì ti di ohun tí a ń sọnù. Ẹ má gbà kí wọ́n fi iná jó o pọ̀. Bí abala irin bá sì ti sọnù, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é pẹ̀lú nọ́ńbà ara ọkọ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Gbígbà á háyà yẹ ẹni tí ẹrù rẹ̀ ń dé ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, bí àwọn tí ń ra kókó tàbí àgbàdo nígbà ìkórè. Ohun tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ níbẹ̀ ni àdéhùn ẹnu. Ta ni yóò san owó táyà? Bí ọkọ̀ bá kọṣẹ́, ṣé òmíràn yóò dé, ṣé owó háyà yóò ṣì máa kà? Awakọ̀ ta ni yóò wà á? Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó sì ń lò ó lójoojúmọ́ láti ọdún dé ọdún, tí ó ṣì ń san háyà, kí ó jókòó ti ìwé owó rẹ̀.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le, sùúrù ni ó ń fẹ́. Ní òwúrọ̀, kí ọwọ́ tó kan ẹrù, kí awakọ̀ yí i po: táyà, ṣéènì, ìka, epo ẹ́ńjìnnì àti epo ìgbẹ́rù, bíréèkì, fèrè, iná, bẹ́líìtì. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ni. Ṣéènì òpó a máa gùn bí ó ti ń jẹ. Bí 100 sẹ̀ǹtímítà rẹ̀ bá ti di 103, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn tí bátìrì bá ti kún ni a ń bu omi sí i, kì í ṣe ṣáájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò kún jáde. Gáàsì tí ó ń jáde lára rẹ̀ nígbà náà lè gbiná, nítorí náà, ẹni tí ń mu sìgá kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀.

Ní ti wíwà á, mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ẹni tí ó bá ti lè wa mọ́tò lè wa fọ́kílífìtì. Irọ́ ni. Táyà ẹ̀yìn ni ó fi ń yà, nítorí náà ìdí rẹ̀ a máa gbá síta, ara ẹni tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ni yóò sì bá. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta sí mẹ́rin ni ọkọ̀ tí ń gbé tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ fúnra rẹ̀ ń wọ̀n. Bí ó bá ń rìn, kí ẹrù má ga ju nǹkan bíi 15 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀, kí òpó sì fara ti ẹ̀yìn. Bí ó bá gbé ẹrù gun òkè, kí ẹrù kọjú sí òkè. Bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, kí ó máa fi ẹ̀yìn rìn, kí ẹrù ṣì kọjú sí òkè. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró sórí ìka, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe gba abẹ́ ẹrù kọjá. Bí ọkọ̀ bá sì ń dà, ẹ má fò. Bẹ́líìtì ti dè yín mọ́ ìjókòó. Ẹ di ọwọ́ ọkọ̀ mú, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ọkọ̀, kí ẹ sì fara sí òdìkejì ibi tí ó ń dà sí.

Òfin Ilé-iṣẹ́ tí ìjọba wa ṣe ní ọdún 1987 sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ènìyàn sídìí ẹ̀rọ tí ó lè ṣe é léṣe láìkọ́ ọ ní ewu rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti inú òfin tí wọ́n ṣe ní 1998, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń tún awakọ̀ fọ́kílífìtì yẹ̀ wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo sọ ìtàn rẹ̀ kò rí ẹni tí ó kọ́ ọ rárá. Ẹni tí ó wà á ṣáájú rẹ̀ ni ó ń wò, títí di ọjọ́ tí ẹni yẹn kò wá sí ibi iṣẹ́, tí wọ́n sì ju kọ́kọ́rọ́ sí i lọ́wọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá fẹ́ kó àwọn ọmọ yín lọ wo irú ibi bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó wọlé, ẹ ní kí wọ́n fi abala irin náà hàn yín.