Ààlà Láàrin Àánú àti Bárakú

Òwe kan wà tí kò ṣàjèjì sí ilé kankan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe náà kò purọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń di ẹ̀bi ru àwọn òbí tí kò jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ọtí tàbí oògùn di bárakú fún ni a kọ́ dáadáa.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà wò ní Gànmọ, lójú ọ̀nà tí ó ti Ìlọrin lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo. Ká ní ọmọ ìyá kan níbẹ̀ ń wa ọkọ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tramadol mì kí ó má baà rẹ̀ ẹ́. Kò ní pẹ́ tí owó ọkọ̀ yóò fi máa dín. Ìyá yóò san gbèsè. Yóò ní ibà ni ó dá ọmọ dúbúlẹ̀. Bí ẹ̀rọ ìránṣọ bá pòórá, yóò ní olè ni ó wọlé. Ìfẹ́ ni gbogbo èyí, ṣùgbọ́n oògùn ni ó ń jẹ èrè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà, bárakú, dàbí ẹni ń sọ pé ohun náà yóò bá ara dé ọjọ́ ikú. Àwọn oníṣègùn kò gbà bẹ́ẹ̀: àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Ìwádìí tí ìjọba àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 2019 fi hàn pé bí i mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn ni ó lo oògùn olóró ní Nàìjíríà ní 2017. A kò tíì ka ọtí àti tábà mọ́ ọn.

Kí ìyá náà dúró de òwúrọ̀ tí ojú ọmọ bá dá, kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, kí ó sì sọ ọ́ láìpariwo: “Àlàbí ọmọ mi, oúnjẹ rẹ kò ní tán nílé yìí. Owó ni n kò ní fún ọ mọ́, n kò sì ní parọ́ fún ọ̀gá rẹ mọ́. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn, èmi ni n ó mú ọ lọ.”

Ọmọ lè sunkún, ó lè ní ìyá òun ti di àjẹ́. Bí ìyá bá fún un lówó ní ọjọ́ karùn-ún, ohun tí ó kọ́ ọ ni pé ìjà ọjọ́ márùn-ún ni iye owó náà. Ìyá àgbà tí ń tú owó ní etí ìró rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ sì wà níbẹ̀; ó di dandan kí ohùn ilé ṣọ̀kan. Bí ọmọ bá gbé ọwọ́ sókè, kí ìyá jáde.

Ààlà kì í ṣe ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ọlọ́pàá tú ènìyàn tí ó ju 300 sílẹ̀ nínú ilé kan ní Kàdúná, wọ́n ti de àwọn mìíràn mọ́lẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, irú rẹ̀ hàn ní Ìlọrin. Ìbátan ni ó mú ọ̀pọ̀ wọn wá. Ọlọ́tí tí a sì tì mọ́lé tí a já ọtí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì lè kú nípa gìrì. Oníṣègùn ni ó mọ bí a ti í ṣe é. Ní Àró, Abẹ́òkúta, láti 1954, Lambo fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sí àwọn abúlé àyíká pẹ̀lú ìbátan wọn, wọ́n ń ti ibẹ̀ lọ gba ìtọ́jú.

Àlàbí lè gba ìtọ́jú kí ó tún ṣubú, bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ náà kò yí padà. Kí ìyá sì máa lọ sí ọjà rẹ̀; gbèsè tí ó jẹ nítorí ọmọ ṣì wà nílẹ̀ tí yóò san.